"O" ÀTI "Ẹ" LẸ́NU ÀWỌN ỌMỌ WA



Ọ̀rọ̀ kan ń bí wa nínú. Ọmọ yóò rí baba rẹ̀, yóò ní, "Bàbá, o ti dé?" Yóò sọ ti ìyá rẹ̀ pé, "Ó lọ sọ́jà." A ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Àwọn baba wa tó bá reluwé wá, lẹ́yìn tí ojú irin Èkó dé Kano ní 1912, gbé Yorùbá wá látilé. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ Hausa níbi eré. Hausa a máa ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin: "ka" fún ọkùnrin, "ki" fún obìnrin. Ọmọ lè fi "ka" bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì di àfojúdi. Inú "Baba" tàbí "Malam" tó fi ṣáájú ni ọ̀wọ̀ wà. Yorùbá kì í ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Àgbà ló ń yà sọ́tọ̀, pẹ̀lú "ẹ" àti "wọ́n".

Nítorí náà, ọmọ náà kì í ṣe aláfojúdi. Hausa ló wà lọ́kàn rẹ̀, Yorùbá ló ń sọ lẹ́nu. Bí a bá ń fi í ṣẹ̀sín, yóò pa Yorùbá tì pátápátá. Kí a rọra tún un sọ fún un lójú ẹsẹ̀: "Bàbá, ẹ kú àbọ̀." Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí èdè méjèèjì dá ṣáká lẹ́nu wọn. Àṣẹ.