Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Náà

 Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jáde nílé ẹ̀kọ́ yìí lónìí, ẹ kú làálàá ọdún mẹ́fà.

Nígbà tí mo tó yín, ọjà Ìkòtún ni ìyá mi ti ń ta ata. Oníbàárà rẹ̀ kan ló ní òun máa mú ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi lọ sókè òkun, pé iṣẹ́ irun dídì ti wà nílẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni ẹ̀gbọ́n náà. A se ìrẹsì, a jó, a sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ó lé lọ́dún kan kí a tó gbúròó rẹ̀, irun kọ́ ló sì ń dì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tó yẹ kí wọ́n ti gbèjà rẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó kàn bi í pé, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ gbà pé kó lọ?" Ìyá náà dákẹ́, ó sì padà sílé. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ yunifásítì. Òun ló sọ mí di lọ́yà.

Kì í ṣe èmi nìkan nirú rẹ̀ sọ di lọ́yà. Ọmọdébìnrin kan wà ní Banjul, olú ìlú Gáńbíà, tó máa ń yọ́ wọ kóòtù nígbà tó ṣì wà nílé ìwé, kó lè gbọ́ ẹjọ́. Ó ń rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń wá rojọ́ ìyà tó ń jẹ wọ́n, tí wọ́n sì ń padà lọ láìrí ẹni gbèjà wọn. Fatou Bensouda lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ló kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ òfin lọ́dọ̀ tiwa níbí: ó gboyè ní 1986 ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ó sì parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin ní 1987. Ó ṣe mínísítà ìdájọ́ nílé, ó lọ sí Arusha níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìpakúpa Rùwáńdà, ó sì di igbákejì olùpẹ̀jọ́ àgbà ní Ilé Ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé ní The Hague ní 2004. Láti 2012 sí 2021, òun gan-an ni olùpẹ̀jọ́ àgbà.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ kan ní kóòtù yẹn, torí àwọn ẹgbẹ́ yín àti àbúrò yín ló dá lé. Ní 2002 sí 2003, ní Ituri lórílẹ̀-èdè Kóńgò, ẹgbẹ́ ogun Thomas Lubanga kó àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15. Wọ́n ti àwọn kan sójú ogun, wọ́n fi àwọn mìíràn ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ wá délẹ̀ ní kóòtù: àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wá ńkọ́? Ní March 14, 2012, nínú ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí kóòtù náà dá láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn adájọ́ ní gbígbà tí ọmọdé gbà kò lè yọ ẹni tó kó o lọ sógun nínú ẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni Lubanga gbà. Mo ka ibẹ̀, mo sì rántí ìyá tó dákẹ́ níwájú tábìlì.

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí wọ́n bi ìyá náà ti wà nínú òfin. Nínú àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 2000 lórí gbígbé ènìyàn tà, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí, ẹni tí wọ́n tàn jẹ kò gba nǹkan kan. Ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún 18, bí wọn ò tilẹ̀ tàn án, bí wọ́n bá ti kó o lọ láti fi ṣòwò, ẹ̀ṣẹ̀ ti délẹ̀. Òfin ọdún 2003 tó bí NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti gbígbé ènìyàn tà, ló gbé ìjà náà wọlé wa. Mélòó nínú yín ló ti pé ọdún 18?

N kò ní tàn yín pé iṣẹ́ lọ́yà yìí rọrùn. Púpọ̀ nínú àwọn lọ́yà tí ẹ mọ̀ ládùúgbò wa, ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ gidi sì ni, ó ń bọ́ ilé. Bensouda jọ̀wọ́ ẹjọ́ Uhuru Kenyatta, ààrẹ Kẹ́ńyà nígbà náà, ní December 2014 torí pé ẹ̀rí kò tó. Amẹ́ríkà fi òfin ìfìyàjẹ dè é ní September 2020, wọn kò mú un kúrò títí di April 2021. Àwọn kan sì ń sọ pé àwa ọmọ Áfíríkà nìkan ni kóòtù náà ń lé kiri. Mo gbọ́ wọn, ó sì ń dùn mí pé àwọn alágbára ibòmíràn ń mú un jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ituri tí wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́, ọmọ Áfíríkà lòun náà.

Kì í sì í ṣe lọ́yà nìkan la nílò. Mo wà níbi ẹjọ́ kan tí ọmọbìnrin kan ti sọ pé, "Wọ́n mú mi búra." Ògbufọ̀ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì pé, "Mo búra." Àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ni ẹjọ́ náà fẹ́ bọ́ sí. Bí ẹ̀yin tí ẹ mọ Yorùbá jinlẹ̀ bá ti kẹ́gàn rẹ̀, ta ni yóò bá wa tú u?

Kí èsì WAEC tó jáde, ẹnì kan máa pe ọ̀kan nínú yín. Yóò ní iṣẹ́ wà ní Òmáànì tàbí Lẹ́bánónì, pé owó ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, pé kó fọwọ́ sí ìwé kan, pé kó má tí ì sọ fún màmá rẹ̀. Ọ́fíìsì mi ò jìnnà síbí, ọ̀gá yín mọ̀ ọ́n. Gbogbo Sátidé ni mo ń wà níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹ mú ìwé náà wá kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ká jọ kà á.