Ooru Inú Fóònù Yàtọ̀ sí Ooru Orí Páànù

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò níbí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Sókótó àti Màídúgùrì. Èmi Ìyá Alábẹ́là ni. Lórí sìtọ́ọ̀ ẹgbẹ́ tá a fẹ́ dìbò lé lọ́jọ́ Àìkú ni.

Ẹ rántí pé lóṣù kẹrin, páálí àbẹ́là mi 13 ló yọ́ mọ́ra wọn. Fóònù ní 40 ni ooru ọjọ́ náà. Mo bi ọmọ mi tó ń kọ́ nípa àwòrán ilẹ̀ ní yunifásítì: ṣé 40 ló yọ́ àbẹ́là? Ó ní, "Màámi, afẹ́fẹ́ abẹ́ ibòòji ni fóònù ń sọ fún yín. Ilẹ̀ àti páànù tóòrùn ń pa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Sátẹ́láìtì ló ń wo ooru ojú ilẹ̀ yẹn. Landsat 8 ti wà lókè láti 2013, Landsat 9 láti 2021. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Ṣé tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹ ò mọ̀ pé ó gbóná ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gba ooru tí ilẹ̀ ń tú jáde. Tí kùrukùru bá bolẹ̀, wọn ò rí i.

Bọ̀dá kan ti fi àwòrán náà síbí, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn páànù tuntun yẹn ló tutù jù, ká gba ibẹ̀. Ẹ má bínú sà, ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Páànù tó ń dán kì í tú ooru jáde dáadáa. Ó lè gbóná bí iná, kí sátẹ́láìtì kà á sí tútù, àyàfi tí ẹni tó ṣe àwòrán bá ti tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Landsat ń kọjá. Aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán ló ń ba ọjà wa jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú kan nínú àwòrán ooru yẹn fẹ̀ tó 100 mítà. Ṣọ́ọ̀bù ẹyọ kan ò lè dá hàn níbẹ̀.

Mi ò ní ká da àwòrán nù. Ó wúlò fún àdúgbò: ibi tí igi wà àti ibi gbalasa. Ṣùgbọ́n ká tó sanwó ọdún méjì, ẹ jẹ́ ká ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, ká gbé e sínú sìtọ́ọ̀ méjèèjì láago mẹ́ta ọ̀sán, fún ọjọ́ mẹ́ta. Owó rẹ̀ ò tó ti páálí àbẹ́là kan.

Èmi ti jìyà tèmi. Kó má kàn yín o. Ó dàárọ̀.