Kí Máṣíìnì Tó Máa Gùn Wá

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn ẹgbẹ́ wa bá wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn àgbà, mo ní, "Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Polí o, n ò kọ́ iṣẹ́ dókítà." Wọ́n ní ìdí gan-an tí àwọn fi pè mí nìyẹn, pé dókítà á sọ èyí tó yé e, akọ̀ròyìn á wá èyí tó máa yé gbogbo wa. Mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ọ̀rọ̀ alùpùpù ńlá, ọ̀rọ̀ orúnkún, àti ìgbà tó yẹ kí á fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ wo abẹ́ igi níta níbi tí a gbé ọkọ̀ sí. Mo ka alùpùpù ńlá márùn-ún níbẹ̀ kí n tó wọlé, kò sì sí ẹni tó kéré sí àádọ́ta ọdún nínú àwọn tó ni wọ́n. N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kàn, ó ti mọ ara rẹ̀.

Láyé àtijọ́, alùpùpù kì í ṣe ohun eré. Tíṣà, wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, àwọn tó ń ra kòkó, orí rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Nígbà tí owó Udoji jáde ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló fi ra Honda, Suzuki tàbí Vespa. Ẹni tó bá ní máṣíìnì nígbà náà, gbogbo àdúgbò ló mọ ìró rẹ̀. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti gbọ́ ọ lókèèrè, wọn á sáré wọ kíláàsì. Lóde òní, àwọn kan wà tí wọ́n ń gun èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ fíìfíì. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá. Òwúrọ̀ Sọ́ńdè tí ọ̀nà bá dá ni wọ́n máa ń jáde, tí wọn á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́. Ẹni tó ti rán ọmọ níléèwé tán, tó ti kọ́lé, ìgbà yẹn ni owó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn wá mọ́ nìyí: ìgbà tí owó dé, ìgbà yẹn náà ni orúnkún ń palẹ̀ mọ́.

Kí ni mò ń pè ní alùpùpù ńlá? Ẹ jẹ́ kí á fi sìmẹ́ńtì wọ̀n ọ́n, nítorí gbogbo wa la ti kọ́lé tàbí tí a ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kg. Alùpùpù kékeré bíi Honda CG125 tó nǹkan bí àpò méjì. Gold Wing tí Honda ń ṣe lóde òní lé ní 360 kg, ìyẹn ju àpò méje lọ. Ẹ wá bi mí pé, ta ni ó ń gbé àpò méje?

Bó bá ń sáré, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Táyà méjèèjì tó ń yí ló ń mú un dúró, ọmọ ọdún méjìdínlógún àti bàbá àádọ́rin ọdún á sì máa gùn ún dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń sọ pé, "Kò sí nǹkan tó ṣe mí, mo ṣì ń gùn ún dáadáa." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìdúró ni máṣíìnì wúwo fi ń dán èèyàn wò. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ní ilé epo, lórí òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ kan ló máa tẹ ilẹ̀. Bí máṣíìnì bá fì díẹ̀ báyìí, orúnkún ẹsẹ̀ kan yẹn ni gbogbo ẹrù náà ń bọ̀ wá bá.

Àwọn tó ń ṣe é pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1988, Honda fi ohun tó ń gbé e padà sẹ́yìn sára Gold Wing GL1500, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn lásán kò fẹ́ẹ̀ lè tì í. Ní 2010, wọ́n gbé irú VFR1200F kan jáde tí kò nílò kí ọwọ́ máa fún kílọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn dára fún ọrùn ọwọ́ àti àtàǹpàkò tó ń ro. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè bá ni fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Kí ló wá ń ṣe orúnkún? Níbi tí egungun itan ti pàdé egungun ojúgun, ohun dídán kan bo orí egungun méjèèjì, ó ń yọ̀, kò jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Omi díẹ̀ wà láàárín wọn tó ń ṣe iṣẹ́ epo inú ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ orí, ìwúwo ara, iṣẹ́ àṣekára àti ìfarapa àtijọ́ ló ń jẹ ohun dídán yìí díẹ̀díẹ̀, kì í sì í hù padà bí èékánná. Làkúrègbé ni a máa ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn dókítà pín in sí oríṣiríṣi, wọ́n ń pe èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àgbà ní osteoarthritis. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, àwọn tó ní in káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 528, orúnkún ló sì ń bá jà jù. Nítorí náà, kì í ṣe ayé ló ń ṣe yín, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fura sí àbúrò yín.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn àmì tí mo bá pàdé lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ nìwọ̀nyí. Bí ẹ bá ń wá òkúta tàbí bèbè gọ́tà kí ẹ tó lè gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àga rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ pe ọmọ aládùúgbò kó wá bá yín gbé e sórí ìdúró rẹ̀. Bí orúnkún bá máa ń gan ní àárọ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí ẹ bá ń yan ọ̀nà tó jìn nítorí pé ẹ ò fẹ́ dúró ní oríta. Bí ẹ bá ní láti gbé oògùn mì kí ẹ tó jáde. Lórí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ gbọ́ o: oògùn ń pa ìrora ni, kò fi agbára kankan sínú orúnkún. Àwọn bíi diclofenac àti ibuprofen, bí a bá ń gbé wọn mì lójoojúmọ́ láìbi dókítà, wọ́n lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹni tó ń tìtorí máṣíìnì gbé wọn mì, ó ń ta kíndìnrín ra epo bẹntiróòlù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi, wọ́n ti fún mi láyè láti sọ ọ́. Tíṣà ni wọ́n. Ọdún 2010 ni wọ́n fẹ̀yìn tì, inú owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n sì ti ra Honda 750 tòkúnbọ̀ kan tó lé ní 200 kg. Ìyá mi bínú fún oṣù kan gbáko. Bàbá ní ọdún márùndínlógójì ni àwọn fi gun kékeré nítorí iṣẹ́ ìjọba, pé àwọn náà á gun èyí tó wu àwọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gùn ún, wọn ò sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fetí sí ìyẹn dáadáa: wọn ò ṣubú.

Ní 2019, wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ tà á. A ní kí ló dé? Wọ́n ní àwọn gba iwájú ilé ọ̀rẹ́ àwọn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ yìí jókòó síta, ó rí wọn, ó dìde, ó nawọ́. Láti bí ogójì ọdún, bàbá mi kì í kọjá níbẹ̀ láìdúró. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwọn bá dúró, orúnkún ọ̀tún kò ní lè gbé e. Wọ́n fun fèrè, wọ́n kọjá. Wọ́n ní, "Ìgbà tí mo kọjá tán ni mo rò ó wò pé, tó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń gun máṣíìnì yìí, mi ò bá ti dúró kí ọ̀rẹ́ mi. Máṣíìnì ló ń gùn mí."

Kó tó di ọjọ́ náà, àwa ọmọ ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà dábàá pé kí á gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Ìyá mi, àwọn tí wọ́n bínú fún oṣù kan yẹn, àwọn ló kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún yín fúnra wọn. Ohun tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ wọn, wọn á máa wá a kiri. Èyí tí wọ́n bá fún yín, ó parí nìyẹn." Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní bàbá tó ń gun ńlá, ẹ mú ọ̀rọ̀ ìyá mi lọ sílé. Ẹ fi ọgbọ́n sọ ọ́ fún wọn, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì jalè.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹṣin ni wọ́n ní ó dá ni, wọn ò sọ pé orúnkún ni. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá kọ àpò méje lè gba àpò méjì. Àwọn kan wà tí wọn ò ní jíà tí à ń fi ẹsẹ̀ yí, tí a ń tẹ bọ́tìnì kí wọ́n tó dáná, tí èèyàn kàn ń jókòó lé láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Bí ìyẹn náà bá sì pọ̀ jù, kí á sọ̀ kalẹ̀ pátápátá.

Orúnkún náà ṣì ní ìtọ́jú. Kílò kan tí a bá bọ́ lára, bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí á lọ bá àwọn onífísíò ní ọsibítù, kí wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fún iṣan itan lágbára. Èyí tó rọrùn jù ni pé kí á jókòó sórí àga, kí á na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ síwájú, kí á ka ení dé àrún, kí á sọ ọ́ kalẹ̀, kí á tún ṣe èkejì. Ẹni tó ń lo ọ̀pá, bí orúnkún ọ̀tún bá ń dùn ún, ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà sì bá a wá, ẹ má fi ìpara ra á, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀lé ọjọ́ tí bàbá mi ta máṣíìnì kò rọrùn. Wọ́n á jí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọṣọ, wọ́n á jókòó sí pálọ̀. Kì í ṣe irin nìkan ni wọ́n tà. Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ọjà, àti ibi tí wọ́n ti ń ta ayò, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Ẹni tó wá yọ wọ́n ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n fun fèrè kọjá níwájú ilé rẹ̀ yẹn. Ó gbọ́, kò bínú, ó ń fẹsẹ̀ rìn wá ní gbogbo Thursday, títí bàbá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sin ín dé ìdajì ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹgbẹ́. Ẹ wo ìwé orúkọ wa. Àwọn kan wà tí wọn kì í pa ìpàdé jẹ tẹ́lẹ̀, tí a ò rí mọ́. A ń sọ pé wọ́n ti gbàgbé iléèwé. Àbí orúnkún ni kò jẹ́ kí wọ́n dé? Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀. Ìkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tó ní mọ́tò àti àwọn tí kò lè dá wá mọ́, kí wọ́n máa gbé ara wọn, kí a sì yọ owó epo nínú owó ẹgbẹ́. Èkejì, kí á fi òpin sí ìpàdé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí á sì máa rẹ́ǹtì àga tó ní apá fún àwọn àgbà, kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú dìde. Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ta máṣíìnì, kó má ṣe pé, "Ẹ kú ìsinmi o," kó dákẹ́. Kó lọ sílé ẹni náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi márùn-ún tí ẹ gbé tiyín sábẹ́ igi, n ò ní kí ẹ tà á lónìí. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé bí ẹ bá ń lọ sílé, tí ẹ rí ẹni tí ẹ mọ̀ lọ́nà, kí ẹ gbìyànjú kí ẹ dúró kí i. Orúnkún yín á dá yín lóhùn fúnra rẹ̀.