Kí Ni Ó Ń Fa Olókòwò Òkèèrè Wá?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá ní alẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ okòwò tí àwọn ará òkèèrè ń dá ní ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Olùkọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ kí á wo Nàìjíríà. Ní 1972, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó ya àwọn òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Ní 1977, wọ́n tún mú un le sí i. Èrò rere ni ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1995, òfin mìíràn gba àjèjì láàyè láti dá nìkan ni ilé-iṣẹ́, àfi nínú ìwọ̀nba òwò bí ohun ìjà ṣíṣe; ó sì ṣèlérí pé a kì yóò gba dúkìá rẹ̀ láìsan owó tí ó tọ́.

Ìlérí nìkan kì í fa ènìyàn. Ní oṣù kìíní 2001, ìjọba ta ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká ní gbàǹjo, ní gbangba. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ kan tí kò san tirẹ̀ pé ní ọjọ́ tí a dá pàdánù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ onílẹ̀ ni ó ni ín. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, MTN láti Gúúsù Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjà ńlá wà nílẹ̀, ìlànà sì hàn sí tolówó tìwọ̀fà: ohun tí ó fà wọ́n nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ dé ìdí òpó tẹlifóònù wọn, ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ amúnáwá. Owó tí à bá fi gba ọmọ wa síṣẹ́, epo ni ó ń jẹ ẹ́. Iná tí àlejò ń wá yìí, òun náà ni aránṣọ Múṣin ń wá. Ilé-ẹjọ́ tí kì í fi ẹjọ́ falẹ̀, oníṣòwò Dùgbẹ̀ náà ń fẹ́ ẹ. Bí a bá tún ilé ṣe fún ọmọ ilé, àlejò yóò bá a níbẹ̀.

Bí ó bá sì dé, kí á bi í léèrè: ta ni yóò kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ? Èrè lè bá ọkọ̀ òfurufú lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọmọ ẹni bá mọ̀ ọ́n ṣe, ilé ni yóò máa gbè, bí ilé bá gbà á. Ó dàárọ̀ o.