Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ti Ayétòrò: Ilé Àdúrà àti Àpò Kan

Ìtàn ìjọ Ayétòrò, ní etí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òndó, kò ṣeé sọ láìkọ́kọ́ dárúkọ Kérúbù àti Séráfù, ẹgbẹ́ aládùúrà tí Moses Orímóládé Túnọláṣẹ, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Aládùúrà ni ìjọ tó gbé àdúrà, ààwẹ̀, ìran àti àsọtẹ́lẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà dé àárín àwọn apẹja Ìlàjẹ, àwọn tó gbà á kọ òrìṣà sílẹ̀, wọ́n sì tako pípa ìbejì, èyí tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn aláṣẹ, títí wọ́n fi lọ tẹ ibùdó tiwọn dó lójú ẹrẹ̀ etí òkun ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1947. Ayétòrò ni wọ́n sọ ọ́, ayé tí kò ní rúkèrúdò.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi so ohun ìní pọ̀. Ẹja tí apẹja bá pa, owó tí aṣọ híhun bá mú wá, àpò ìjọ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù, láti inú àpò náà sì ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń dé ọ̀dọ̀ kálukú. Àwọn ọkùnrin ń gbé apá kan ìlú, àwọn obìnrin ń gbé apá kejì. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ṣe bàtà àti ọṣẹ, iná mànàmáná sì tàn níbẹ̀ nígbà tí àtùpà ṣì ń jó ní ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù ú lọ. Àwọn àlejò máa ń yà wò ó, tí wọ́n ń rìn lórí afárá pákó láàárín àwọn ilé tí òpó gbé sókè.

Ohun tó mú ìlú náà là ni àwọn onímọ̀ ti ń jà lé lórí. Stanley Barrett, onímọ̀ àwùjọ ẹ̀dá láti Kánádà, tó fi orúkọ Olowo bo Ayétòrò lójú nínú ìwé méjì tó jáde ní 1974 àti 1977, gbà pé àjọní, ìyẹn kí ohun ìní jẹ́ ti gbogbo ìlú dípò ti ẹnì kan, ló ṣiṣẹ́ náà ju ẹ̀sìn lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ ni abúlé kejì tó pè ní Talika: ìgbàgbọ́ ibẹ̀ kò yàtọ̀, orí omi kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ṣùgbọ́n kálukú ń jẹ tirẹ̀, wọn kò sì là tó ará Olowo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti há ìfiwéra yìí sórí, bẹ́ẹ̀ ni kò kún tó. Kí ló mú kí apẹja tó fi òru jagun pẹ̀lú ìgbì kó gbogbo ẹja rẹ̀ fún ìjọ láìyọ ọ̀kan pamọ́ fún ọmọ rẹ̀? Ọlọ́pàá kò sí níbẹ̀ tó ń fi ipá gbà á. Orúkọ Àpọ́sítélì tí wọ́n ń jẹ́ tọ́ka tààrà sí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 2 àti orí 4, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú ti ní ohun gbogbo ní àjọní. Nítorí náà àwọn tó ń pe Ayétòrò ní ìlú kọ́múnísíìmù ṣì í pè. Ìwé Barrett fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ará ibẹ̀ gbàgbọ́ pé àwọn kò ní kú. Ṣé ẹni tó gba èyí gbọ́ ni yóò máa du owó ẹja? Talika fi hàn pé ẹ̀sìn tí kò dé inú àpò kì í kọ́ ìlú. Kò fi hàn pé àpò náà lè wà láìsí ẹ̀sìn. Ó sì yẹ kí ojú ti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ yìí pé iṣẹ́ àlejò ni wọ́n ṣì ń tún kà, nígbà tí Ìlàjẹ kò jìnnà sí wọn.

Ní 1968 ni wọ́n gba kálukú láyè láti máa ṣòwò tirẹ̀, àjọní sì tú díẹ̀díẹ̀.

Àjọní ti tú, òkun ló wá kù tó ń halẹ̀ mọ́ ìlú náà. Etí òkun ibẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, kò ní yanrìn tó lè dá ìgbì dúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí sì ni omi ti ń gbé ilé ìwé, ilé gbígbé àti ibojì lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwòrán tàbí ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ náà lọ́wọ́, kí ó gbé e kúrò ní ibi tí omi lè dé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà àjọní, lọ́dún yìí, kí ó tó pẹ́ jù.