Ta Ló Ni Tiransifọ́mà Yìí? Ọ̀nà Títa Iná Mọ̀nàmọ́ná ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò

 

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iná níbí, ẹ̀rọ la sábà máa ń dá lẹ́bi: wáyà já, tiransifọ́mà jóná, gáàsì ò dé. Ọ̀rọ̀ òwò ni tèmi lónìí. Ta ló ń kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀? Ta ni àdánù ń bá bí iná ò bá dé? Ọ̀nà tuntun yòówù kí wọ́n máa gbà ta iná fún wa, ìbéèrè méjèèjì yìí ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 1882 ni Thomas Edison ṣí ilé-iṣẹ́ iná Pearl Street ní New York. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ olówó ló ń rí iná rà. Samuel Insull, tó ti ṣe akọ̀wé Edison rí, di ọ̀gá Chicago Edison ní 1892. Nígbà tó ṣe ìbẹ̀wò sí Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí i pé àwọn ìsọ̀ kéékèèké pàápàá ń tan iná. Mítà tí Arthur Wright ṣe ló fà á: ó ń fi iná tó pọ̀ jù lọ tí oníbàárà fà lẹ́ẹ̀kan náà hàn. Pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n pín owó iná sí méjì: apá kan fún gbèsè ẹ̀rọ, èkejì fún iná tí ènìyàn lò gan-an. Bí o bá ṣe ń tan iná pẹ́ tó ni yúnìítì ń dínwó fún ọ tó. Insull gbé ọgbọ́n náà lọ sí Chicago, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé mẹ̀kúnnù. Ìdíyelé ló ṣe é.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ìjọba ló ni iṣẹ́ iná fún ìgbà pípẹ́: àjọ ECN, lẹ́yìn náà NEPA ní 1972, lẹ́yìn náà PHCN lábẹ́ òfin 2005. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, wọ́n fa pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ọ̀jọ́ bọ́ sọ́wọ́ Eko Electricity. Orúkọ yí padà, bíìlì kò yí. Ẹni tí kò ní mítà ń san owó àfojúbù fún iná tí kò rí. Ẹni tó ní mítà ń sanwó sílẹ̀, ó ń tẹ nọ́ḿbà ogún sí mítà, ó wá ń retí kí iná dé. Nínú méjèèjì, oníbàárà ni àdánù ń bá.

Ní 2020, àjọ NERC tó ń darí ọ̀rọ̀ iná gbé ètò báńdì dé: iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún Báńdì A, títí dé wákàtí 4 fún Báńdì E. Ní oṣù kẹrin 2024, owó yúnìítì kan ní Báńdì A fò sókè sí 225 náírà. Gbogbo wa la pariwo, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan tó bá a wá: bí iná ò bá pé fún ọjọ́ méjì léra, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ní gbangba, bó bá di ọjọ́ méje, kí wọ́n já laini náà sílẹ̀ kúrò ní Báńdì A. Níbẹ̀ ni àdánù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹni tó ń tà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé Báńdì A nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Tiransifọ́mà àdúgbò kan jóná. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ìpàdé ti dé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣí ìwé, ó kọ orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan, iye yàrá, iye ìsọ̀. Wọ́n bu owó lé onílé, wọ́n bu lé ayálégbé. Ìyá tó ń ta omi tútù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun san án lẹ́ẹ̀mejì. Owó pé, ọkọ̀ gbé e dé, wọ́n so ó mọ́ laini. Láti ọjọ́ náà, ó di ti ilé-iṣẹ́ iná. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ kí ẹni tó san owó má ní ju orúkọ inú ìwé akọ̀wé lọ, ìyẹn kì í ṣe òwò.

Ọjà Àlàbá tó wà nílẹ̀ wa níbí ti ń dáhùn lọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 480, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣòwò ló yíjú sí sólà, ínífátà àti bátìrì. Ìnira ibẹ̀ ni pé owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè san lẹ́ẹ̀kan. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà, ti mọ ojútùú rẹ̀ láyé àtijọ́: gbé aṣọ lọ, máa san díẹ̀díẹ̀, bí owó ò bá dé, olówó á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ilé-iṣẹ́ Lumos àti MTN gbé irú rẹ̀ dé ní 2017 pẹ̀lú àpótí sólà aláwọ̀ ìyeyè: fóònù lo fi ń sanwó, bí owó bá tán, àpótí á pa iná fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà títa iná tó wù mí jù lọ wà ní Mokoloki, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn. Wáyà IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná lágbègbè náà, wà nílẹ̀ níbẹ̀, iná ni kì í dé. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Nayo gbé sólà 100 kilowatt kalẹ̀ pẹ̀lú bátìrì. Mẹ́ta ni àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé: IBEDC ní wáyà, Nayo ń ta iná ó sì ń san owó ìlò wáyà, àwọn ará ìlú sì fọwọ́ sí iye tí wọn yóò máa san. Ó wọ́n ju ti IBEDC lọ. Àmọ́ ó dín sí owó tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí òun ní.

Kí ló wá kàn wá? Láti 2023 ni òfin ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti máa darí ọ̀rọ̀ iná tirẹ̀. Èkó ti ní òfin tirẹ̀, ó sì ní àjọ LASERC tó ń darí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní àbá mẹ́ta fún wọn. Èkíní, kí ìyà Báńdì A kan gbogbo báńdì. Èkejì, kí wọ́n pe Àlàbá, Eko Electricity àti ilé-iṣẹ́ sólà jókòó sórí tábìlì kan, bíi ti Mokoloki. Ẹ̀kẹta, kí owó tiransifọ́mà di yúnìítì tí yóò máa padà sórí mítà ẹni tó dá a.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àdúgbò, ọwọ́ yín ni ẹ̀kẹta yìí wà. NERC fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ léraléra pé kí oníbàárà má ra tiransifọ́mà láìkọ́kọ́ ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ iná. Nítorí náà, ẹ má dá kọ́bọ̀ kí ẹ tó rí ìwé náà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé ìwé akọ̀wé yín lọ síwájú LASERC, kí wọ́n rí iye tí Ọ̀jọ́ ti fi sínú òwò yìí.