Ọjà Orí Fóònù, Iṣẹ́ Orí Fóònù: Ohun tí Ó Kù fún Ẹgbẹ́ Láti Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ fún kíkọ́ gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá ní ìlú Kàdúná

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí Facebook, WhatsApp, Instagram àti àwọn ìkànnì ayélujára bẹ́ẹ̀ ṣe ń yí ọjà títà àti iṣẹ́ wíwá padà. N kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn, nítorí àwọn onílù ti ń wò mí lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ìyá tó wà ní ìsọ̀, ó kan ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí tí kò rí iṣẹ́, ó sì kan ẹgbẹ́ wa yìí gan-an.

BÍ Ó TI RÍ TẸ́LẸ̀

Àwọn baba wa kì í ṣe àlejò sí ìpolówó. Àwọn ni wọ́n sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ohùn ni ẹlẹ́kọ fi ń jí àdúgbò lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà kì í ju òpópónà mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn rẹ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti sanwó fún Radio Kaduna, tàbí fún New Nigerian, ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí ní 1966. Owó ilé iṣẹ́ ńlá ni owó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe owó ìyá aláta.

Iṣẹ́ wíwá náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, United Nigerian Textiles sì tẹ̀lé e ní 1964. Láyé ìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àpótí kan, ilé ará ìlú rẹ̀ ni ó ń lọ tààrà. Lọ́jọ́ ìpàdé, wọn a ní kí ó dìde kí wọ́n rí i. Baba kan tó jẹ́ fọ́máànù a bi í pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?” Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ baba lọ́rùn, baba a mú un lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹnu baba ni ó gba ọmọ síṣẹ́. Bí ọmọ náà bá sì hùwà tí kò dára, ojú baba ni yóò tì, nítorí náà baba kò ní dẹ́kun ṣíṣọ́ ọ.

Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles dáwọ́ dúró ní 2007. Bí ó tilẹ̀ tún ṣí lẹ́yìn náà, kò padà sí bí ó ti wà. Ẹnu baba fọ́máànù kò tíì kú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí yóò kàn ti dínkù.

OHUN TÍ Ó YÍ PADÀ

Ní 2001 ni fóònù alágbèéká wọ orílẹ̀-èdè wa lọ́nà tí mẹ̀kúnnù fi lè ní in. LinkedIn, tí ó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣí ní 2003. Facebook dé ní 2004. WhatsApp ní 2009. Instagram ní 2010. Ní 2009 kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, dá Jobberman sílẹ̀, níbi tí agbanisíṣẹ́ ti ń kéde àyè iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ kí a yìn wọ́n.

Kí ni gbogbo èyí ṣe sí ọjà? Ẹ jẹ́ kí a mú aláṣọ kan tó ń ta àdìrẹ ní ìlú yìí. Láyé àtijọ́, ó ń lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ó ń ra ọjà, ó ń gbé e wá sókè níhìn-ín. Èrè rẹ̀ wà nínú ohun méjì: wàhálà ọ̀nà, àti pé oníbàárà rẹ̀ kò mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Ìtòkú. Lónìí, oníbàárà náà jókòó sí Sabon Tasha, ó ń wo àdìrẹ Ìtòkú lórí fóònù, ó rí iye rẹ̀, ó sì lè ní kí aláró fi ránṣẹ́ sí òun láti gáréèjì. Èrè àìmọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ aláṣọ wa.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà kan ti dí, òmíràn ṣí. Aláṣọ kan náà lè ya àwòrán ọjà rẹ̀ lówùúrọ̀ kí ó gbé e sí WhatsApp, kí àwọn tó ní nọ́ńbà rẹ̀, tí òun náà sì ní tiwọn, lè rí i kí oòrùn tó mú. Kò sanwó fún rédíò, kò sanwó fún ìwé ìròyìn. Dátà nìkan ni. Bí ó bá fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí i, ó lè san ìwọ̀nba owó fún Facebook kí wọ́n fi ọjà náà han kìkì àwọn obìnrin tó ń gbé ní Kàdúná, tàbí kìkì ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ogún sí ogójì. Kí ó yé wa dáadáa: Facebook kò ní ìsọ̀, kò ní ọjà. Ojú àwa tí à ń wò ó ni ó ń tà fún àwọn olùpolówó, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jùlọ owó tó ń wọlé fún un ti ń wá. Nítorí náà, ohun tí ènìyàn bá ń dáhùn sí ni ó máa ń gbé síwájú. Ẹni tó bá gbé àwòrán kalẹ̀ tí kò kọ iye owó sí i, tí kò dá oníbàárà lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀rọ náà yóò tì í sẹ́yìn bí ìgbà tí a bá gbé àtẹ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo fẹ́ fi èyí kún un fún àwa tí à ń gbé ní ìlú yìí: ẹni tó bá ń polówó ní èdè Yorùbá nìkan ní Kàdúná ti pa ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà. Hausa tí ẹ̀ ń sọ ní ìsọ̀ lójoojúmọ́, ẹ sọ ọ́ lórí fóònù pẹ̀lú.

ÌRÒYÌN TI PỌ̀, ÌFỌKÀNTÁN NI Ó WỌ́N

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé gan-an nìyí. Láyé baba fọ́máànù, ìròyìn iṣẹ́ ni ó wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ pé àyè ṣí ti rí ìdajì iṣẹ́ náà. Lónìí gbogbo ayé ni ó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ rántí ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2014, nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí wíwọlé àti jíjáde ní orílẹ̀-èdè wa pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri ìlú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san 1,000 náírà. Iṣẹ́ tó wà kò tó 5,000. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000. Ní Abuja, ní Minna, ní Port Harcourt àti ní Benin, ènìyàn tẹ ara wọn pa. Ìwé ìwáṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọmọ wọnyẹn, aṣọ funfun wà lọ́rùn wọn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Bí ìwé 1,000 bá dé iwájú ọ̀gá kan fún iṣẹ́ kan, kò lè ka gbogbo rẹ̀. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ní, “Ṣé o mọ ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán?” Ìbéèrè baba fọ́máànù ni ó tún padà wá! Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́jà. Nígbà tí ọgbọ̀n aláṣọ bá ń fi aṣọ kan náà hàn lórí fóònù, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í ṣá, tí ó ń gba aṣọ padà bí kò bá ṣe oníbàárà lọ́rùn, ni wọn yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orí fóònù ni a ti ń ná an.

Àti pé orúkọ yìí kì í parẹ́ mọ́. Èébú tí ọmọ kọ sí Facebook ní ọdún méje sẹ́yìn, agbanisíṣẹ́ lè rí i lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń wò ó. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Èyí tí a kọ sílẹ̀ tún le ju èyí tí a sọ lọ. Dípò èébú, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín hàn. Káfíńtà tó bá ya àwòrán àga tó kàn, télọ̀ tó bá fi bí ó ti ń gé aṣọ hàn, ẹni tó kọ́ ìṣírò owó tó bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, ti ń wá iṣẹ́ bí ó tilẹ̀ ń sùn.

ÀWỌN Ẹ̀TÀN TÓ WÀ NÍBẸ̀

Níbi tí ìfọkàntán bá ti wọ́n, ayédèrú rẹ̀ yóò pọ̀. Wọ́n á ní iṣẹ́ wà, kí o san owó fọ́ọ̀mù. O san án, wọ́n á ní owó àyẹ̀wò ara. O san án, fóònù wọn kò ní wọlé mọ́. Bí ènìyàn bá ń bèèrè owó lọ́wọ́ yín kí ó tó fún yín níṣẹ́, ẹ sá. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá ń bá ẹlòmíràn wá òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ ní kí ó mú un jáde. Bí wọ́n bá pe ọmọbìnrin wa sí iṣẹ́ ní òkè òkun, tí wọ́n ní òun kọ́ ni yóò san owó ọkọ̀, kí ìyá rẹ̀ má tíì dáwọ̀ọ́ ìdùnnú. Kí ó kọ́kọ́ lọ bèèrè ní NAPTIP, ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti àwọn tó ń ta ènìyàn.

Ní ti ọjà, ẹ má ṣe gbé ẹrù fún ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́ tí ó fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀ pé òun ti sanwó. Inú àpò yín ní báńkì ni kí ẹ wò.

Ẹ má sì kó gbogbo ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lápapọ̀ ní gbogbo àgbáyé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ti Twitter pa ní orílẹ̀-èdè wa láti oṣù kẹfà, kò sì ṣí i títí di oṣù kìn-ín-ní 2022. Kí oníṣòwò kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé kì í wá dátà.

OHUN TÍ MO Ń BẸ ẸGBẸ́ LÁTI ṢE

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ni mo ní.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ ní ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò àti ọ̀mọ̀wé wa, tí ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ yóò fọwọ́ sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ náà yóò sì hàn. Bí a bá tún sọ ẹnu baba fọ́máànù di ìwé, agbanisíṣẹ́ yóò wá a. Ṣùgbọ́n kí a má fọwọ́ sí ọ̀lẹ nítorí pé ọmọ ìlú wa ni. Ọjọ́ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwé náà ti di tákàdá lásán.

Èkejì, kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò máa yẹ ìròyìn iṣẹ́ wò kí ó tó wọ inú WhatsApp ẹgbẹ́. Kí wọ́n pe ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n bèèrè. Kí wọ́n sì dí ọ̀nà mọ́ àhesọ. Ìlú tó rí wàhálà 2000 àti ti 2002 kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un ohun tí àhesọ lè ṣe sí ọjà àti sí ẹ̀mí.

Ẹ̀kẹta, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ọ̀dọ́ kọ́ àwọn ìyá wa bí a ti ń ya àwòrán ọjà, kí a kọ iye sí i, kí a dá oníbàárà lóhùn. Kí àwọn ìyá kọ́ ọ̀dọ́ bí a ti ń mọ ojúlówó oníbàárà, bí a ti ń fi ẹ̀rín kọ àwìn, àti bí owó ìpìlẹ̀ kì í fi í di owó jíjẹ.

Ẹ̀kẹrin, mo rí àwòrán gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́. Ó lẹ́wà. Mo rí ibi àga ọlọ́lá, mo rí ibi ìdáná. Mo bẹ̀ yín, ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà díẹ̀, iná tí kì í lọ, àti olùkọ́ kan, níbi tí ọmọ yóò ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ tí àgbà yóò sì bá a kà á kí ó tó fi ránṣẹ́. Àwọn tó ṣáájú wa ní ìlú yìí gba àlejò láti ibùdókọ̀ ojú irin wá sí ibi iṣẹ́. Àlejò ṣì ń bọ̀. Ọ̀nà tó ń gbà wá nìkan ni ó yí padà.

Alága, orúkọ mi wà nínú ìwé pẹ̀lú ohun tí agbára mi ká fún yàrá náà. Mo ń retí ẹni tí yóò tẹ̀lé mi.

 Ilé yóò parí o, a ó sì bá ara wa níbẹ̀ láyọ̀. Àṣẹ.